Bíìtì tí Bàámi Gbìn fún Màámi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù kà á. Ìwé márùn-ún péré ni mo kà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò tilẹ̀ ka ìkarùn-ún yẹn tán. Ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kọ kò ju orúkọ àti nọ́ńbà fóònù lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá kì í tètè jáde lẹ́nu mi, ká má tíì sọ ti orí ìwé. Mo ń kọ èyí nítorí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tí mo gbé ọjà lọ fún ní ẹsiteeti kan ní Ìkòròdú fi omi pupa kan lọ̀ mí nínú ife. Ó ní oòrùn ti pọ̀ jù, kí n mu ún. Mo dúpẹ́, mo ní òùngbẹ ò gbẹ mí. Ó ní, “Mu ún jàre, bíìtì ni. Ẹ̀jẹ̀ ni.” Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn dáadáa mọ́.

Agbówà ni ilé wa wà, láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ilé oníyàrá mẹ́rin tí bàbá bàbá mi fi amọ̀ mọ, tí Bàámi fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ iwájú rẹ̀ nìkan. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀: Ìyá Àgbà, ìyẹn ìyá tó bí Bàámi, Bàámi, Màámi, àti èmi, Kúdí, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Tí mo bá di ojú mi báyìí, mo máa ń gbọ́ ilé yẹn kí n tó rí i. Màá gbọ́ ìgbálẹ̀ Màámi lórí yẹ̀pẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, okùn kànga tó ń ké lójú irin, Ìyá Àgbà tó ń run orín tó sì ń tutọ́, àti rédíò Bàámi tí kì í ka ìròyìn tán kí bátìrì rẹ̀ tó rẹ̀. Èmi nìkan ni mi ò ní ariwo. Ìyá Àgbà a máa sọ pé, “Kúdí, bóyá ká so agogo mọ́ ọ lọ́rùn bí ewúrẹ́, ká lè máa mọ ibi tó o wà.” Lẹ́yìn mi, Màámi lóyún lẹ́ẹ̀mejì, méjèèjì ló wálẹ̀. Bàámi nìkan sì ni ọmọkùnrin tí Ìyá Àgbà bí. Nítorí náà, nígbà tí oyún kẹta dúró dé oṣù kẹrin, gbogbo wa ń rìn nínú ilé bí ẹni tó ru ẹyin. Ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò, nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú Màámi wálẹ̀, ó wò ó, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ yín ò tó, mà. Ẹ lo oògùn yìí, kí ẹ sì máa jẹ ewébẹ̀ dáadáa.” Gbólóhùn yẹn ni Bàámi gbé délé, òun ló gbé sùn, òun ló sì gbé jí.

Oko kan ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni Bàámi ti ń ṣe lébìrà, níbi tí wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ òyìnbó fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Èkó: kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, àti ohun pupa kan tí wọ́n ń pè ní bíìtírúùtù, tí àwọn lébìrà gé kúrú sí bíìtì. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin ẹsiteeti tó máa ń fi mọ́tò wá rà á pé kò sí ohun tó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ tó o. Ìgbà ọyẹ́ ni. Ó bẹ ọ̀gá rẹ̀, ó gba irúgbìn tó ṣẹ́kù nídìí agolo, ó wé e sínú bébà, ó gbé e wálé nínú fìlà rẹ̀. Ó kọ ebè mẹ́ta sẹ́yìn ilé, ó da ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sí i, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó torí oòrùn tiwa ti le jù fún un. Ó wá lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí agolo mílíìkì ńlá kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Kúdí, iṣẹ́ rẹ nìyí. Omi láàárọ̀, omi nírọ̀lẹ́. Má dà á lù ú o, ṣe ni kó o rọra wọ́n ọn.” Mi ò gbọ́ kí Bàámi sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan sí Màámi rí. Ṣùgbọ́n mo rí i lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, tó ń fi ìka tu koríko láàárín ewé tí kò tíì ju èékánná lọ, tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀ báyìí. Irú ìfẹ́ tí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń fẹ́ pé kí lo fẹ́ ni.

Ewé rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Ó fẹ̀, iṣan pupa sì la àárín rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi gègé fà á. Ìyá Àgbà kì í bẹ̀rù ẹ̀fọ́ kankan. Ó já a, ó fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, ó gé igi rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí pé igi yẹn yi ju ewé lọ, igi ló sì kọ́kọ́ dà sínú epo gbígbóná pẹ̀lú ata àti irú, kó tó da ewé lé e, àti ẹja gbígbẹ tí Màámi rà bọ̀ láti Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja ni Màámi ń tà. Á lọ rà á ní Ẹ̀pẹ́, á yan án lórí ààrò, á wá kiri rẹ̀ ní Agbówà. Nígbà tí a fi ẹ̀bà ran ọbẹ̀ náà, ẹ̀bà pọ́n bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ìkókó. Ìyá Àgbà gbé òkèlè sókè, ó wò ó títí, ó ní, “Oúnjẹ yìí ti kun ètè kó tó dé ẹnu wa.” Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni a wá wú ìdí rẹ̀. Èyí tó tóbi jù kò ju ìkúùkù mi lọ. Ìyá Àgbà bẹ ẹ́ kó tó sè é, bí ẹni ń bẹ iṣu, gbogbo pupa inú rẹ̀ sì tú sínú omi. Nígbà tó da omi náà sẹ́yìn ilé, Ìyá Mùsílí, aládùúgbò wa, fi igbe ta láti ẹ̀gbẹ́ ọgbà.

“Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ dúńbú ẹran, ẹ ò pè wá!”

“Ẹran wo? Iṣu ẹlẹ́jẹ̀ ni,” ni Ìyá Àgbà dáhùn.

“Iṣu kí ni?”

“Iṣu ẹlẹ́jẹ̀! Ọmọ mi ló gbìn ín fún ìyàwó rẹ̀. Ọkọ tìrẹ, ṣé ó gbin nǹkan kan fún ọ rí, yàtọ̀ sí oyún?”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàámi wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń sè é lóko: kí a má bẹ ẹ́, kí a má gé ìrù rẹ̀, kí a sè é tèèpo tèèpo, kí a wá kó o sínú omi tútù, kí a fi ọwọ́ ra èèpo rẹ̀ kúrò. Síbẹ̀ náà, omi tí a fi sè é kì í ṣàì pọ́n. Ó máa ń kù sísàlẹ̀ ìkòkò, ó sì máa ń kun ìka mi tí mo bá ń fọ̀ ọ́.

Ní ilé wa, aboyún kì í dá jẹun. Ìyá ọkọ ló máa ń jókòó kọjú sí i títí yóò fi jẹ tán, torí wọ́n gbà pé aboyún tó bá dá jẹun á jẹ ohun tó wù ú, á fi ohun tó yẹ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màámi jẹ bíìtì, ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó bì í. Ìyá Àgbà tẹ̀ lé e, ó wo ilẹ̀. “Ìyàwó, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lo dà nù yìí.” Màámi ní, “Ẹ má bínú, mà. Ó ń rùn bí ilẹ̀ sí mi.” “Inú ilẹ̀ ni gbogbo oúnjẹ ti wá. Èwo ni kò rùn bí ilẹ̀?”  Ojú Bàámi ṣáà ṣú, ó lọ jókòó ti ebè rẹ̀. Ojú yẹn ni Màámi kò fẹ́ rí mọ́. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń sọ fún wọn pé ó ti ń dùn mọ́ òun. Èmi ni mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, torí èmi ni mo ń kó àwo. Tí Ìyá Àgbà bá ti yíjú sí ìkòkò, Màámi á rọra ti bíìtì kan sí mi lábẹ́ etí aṣọ tó ró, èmi á gbé e mì. A ò bá ara wa sọ ọ́, ọwọ́ wa ló gbọ́ra yé. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń tì mí lójú jù: ó dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ràn adùn rẹ̀ tó dà bí ìgbà tí èèyàn jẹ ìrèké tí kò fọ erùpẹ̀ ara rẹ̀ tán, ebi sì máa ń pa mí. Àwo Màámi ni mo ń retí, kì í ṣe tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo tọ̀ sẹ́yìn balùwẹ̀, yẹ̀pẹ̀ sì pọ́n. Mo yára fi ẹsẹ̀ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ìyá Àgbà ti rí mi. “Kí lò ń bò?” Mo ní, “Kò sí nǹkan, mà.” Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tú u, ó sì ké, “Ẹ̀jẹ̀! Ọmọ ọdún mẹ́wàá ń tọ ẹ̀jẹ̀!” Ọ̀kadà kan náà ló gbé èmi àti òun dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá, mo wo ilẹ̀. Ìyá Àgbà bá mi dáhùn: “Ẹ̀bà ni, àti iṣu ẹlẹ́jẹ̀ tí bàbá rẹ̀ gbìn.” “Iṣu ẹlẹ́jẹ̀ báwo, Màmá?” Ìyá Àgbà ṣàlàyé rẹ̀, nọ́ọ̀sì sì di tábìlì mú, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń rin. “Bíìtírúùtù! Màmá, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ oúnjẹ yẹn ló ń tọ̀. Ó máa ń hàn lára àwọn kan, kì í hàn lára àwọn mìíràn. Ẹ máa lọ sílé.” Ọlọ́kadà tó dúró dè wá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Agbówà ti gbọ́. Nílé-ìwé, wọ́n ń pè mí ní Onítọ̀ Pupa. Lóko, wọ́n bi Bàámi bóyá ìtọ̀ ọmọ rẹ̀ ló fi ń bomi rin ebè rẹ̀. Ó wọlé nírọ̀lẹ́, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó ní, “Nínú ilé yìí, kí ẹnikẹ́ni má tún gbé pupa kankan lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. A ti mọ ohun tó jẹ́.”

Ìyá Àgbà gbé ìdajì ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì wálé. Ó mú “ó máa ń hàn” bọ̀, ó fi “lára àwọn kan” sílẹ̀ lórí tábìlì ibẹ̀. Lẹ́bàá kànga ló ti máa ń run orín láàárọ̀, ibẹ̀ ni mo sì gbọ́dọ̀ gbà tí mo bá ń gbé póò tí Màámi ń tọ̀ sí lóru lọ dà nù. Póò funfun ni, etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. “Gbé e wá, kí n wò ó.” Mo ṣí i. Ó mọ́ bí omi òjò. Ìyá Àgbà gbé ohùn sókè kí inú yàrá lè gbọ́: “Kúdí tó jẹ ìwọ̀nba ń tọ̀ ọ́ pupa, ìyá rẹ̀ tó ń jẹ àwo kan ń tọ omi. Ìyàwó, níbo lò ń kó o lọ?” Màámi dáhùn láti inú yàrá, “Mò ń jẹ ẹ́, mà.” “Ọlọ́run ń gbọ́ o.” Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe láràárọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, Bàámi fúnra rẹ̀ gbé àpótí wá jókòó síwájú Màámi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú bíìtì fún un, ẹyọ kan, ẹyọ kejì, ẹyọ kẹta. “Nítorí Ọlọ́run, Ìyá Kúdí. Nítorí ọmọ yìí.” Màámi gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, omijé sì kún ojú rẹ̀. Nígbà tí Bàámi jáde, ó bì í sínú ọ̀rá, èmi ni mo lọ sin ín.

Kò sí ẹni tó rán mi ní ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mò ń fọ ìkòkò, mo rọ omi bíìtì tó kù sínú ìgò oògùn ikọ́, mo gbé e sẹ́yìn àpótí aṣọ. Láàárọ̀, kí n tó gbé póò kọjá níwájú Ìyá Àgbà, mo ta díẹ̀ sí i. Ó wò ó, orín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ̀ẹ́n-ẹn! Ó ti ń wọlé báyìí! Bàbá Kúdí, wá wò ó!” Bàámi wá wo póò bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ó rẹ́rìn-ín. Nírọ̀lẹ́, ó ra ọsàn mẹ́fà bọ̀ fún Màámi, ó sì bó o fún un. Nígbà tó ku èmi àti Màámi nìkan, ó fà mí mọ́ra. “Kúdí, kí lẹ rí nínú póò mi?” Mo fi ìgò hàn án. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi ìrọ̀rí di ẹnu kí wọ́n má bàa gbọ́. “Ìwọ! Ìwọ tí a rò pé o ò lè pa ẹ̀fọn!” Ó gbé orí mi lé ikùn rẹ̀, ọmọ inú sì fi ẹsẹ̀ ta mí létí. Ọjọ́ tó dùn jù lọ́dún yẹn nìyẹn. Mi ò lè rántí rẹ̀ báyìí kí inú mi má korò.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì la fi ṣe é bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé sì tura. Àárọ̀ ọjọ́ kan wá dé, mo ṣí póò, ìgò mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì ṣí i, omi inú póò sì ti pọ́n. Mo kọ́kọ́ rò pé Màámi ti bá mi dà á. Mo wo ìgò: ó kún dé ibi tí mo fi í sí. Mo tún wo póò. Kì í ṣe pupa kan náà. Ti bíìtì máa ń tàn, èyí ṣú, ó sì ní ohun kan bí okùn nísàlẹ̀. Màámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó di orúnkún rẹ̀ mú.

“Mo ti rí i,” ló wí. “Ó máa dá.”

“Màámi, ẹ jẹ́ ká sọ fún Bàámi.”

“Ká sọ kí ni fún un? Pé èmi àti ìwọ ti ń tàn wọ́n jẹ? Pé kò sí ẹyọ kan tó dúró nínú mi nínú ohun tó fi òógùn gbìn?” Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. “Tó bá dọ̀la tí kò dá, èmi fúnra mi á sọ ọ́. Má sọ fún ẹnikẹ́ni, Kúdí. Ṣó o gbọ́?”

Mo mi orí pé mo gbọ́. Mo gbé póò jáde, mi ò da nǹkan kan sí i. Ìyá Àgbà wò ó, ó sì pàtẹ́wọ́. “Wo bó ṣe pọ́n lónìí! Ẹ̀jẹ̀ ti kún un!”

Lọ́jọ́ kejì, kò dá. Màámi kò sì sọ ọ́. Ó tún dìde, ó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ ra ẹja, torí tí kò bá lọ, wọ́n á béèrè ìdí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi àti Bàámi jọ wà nídìí ebè, èmi ń wọ́n omi, òun ń gé ewé tó ti gbó. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo ti tò ó sínú orí mi láti ilé-ìwé: Bàámi, kì í ṣe bíìtì. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Mo pè é. “Bàámi.” Ó gbójú sókè, inú rẹ̀ dùn, torí mi kì í dá pè é tẹ́lẹ̀. “Kí ló dé, ọmọ mi?” Ẹnu mi ṣí, ohun tó sì jáde ni pé, “Kòkòrò ń jẹ ewé ẹ̀gbẹ́ ibí yìí, sà.” Ó kúnlẹ̀, ó ń tú ewé náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò rí kòkòrò kankan. Ó ní mo ṣeun, pé ojú mi mú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tilé-ìwé dé ni. Màámi ń to ẹja sórí àwọ̀n lókè ààrò. Ó dáwọ́ dúró, ó di òpó mú, ó sì rọra jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sinmi. Ilẹ̀ ìdáná pọ́n. Ìyá Àgbà wọlé, ó wo ilẹ̀, ó sì fi ohùn líle bèèrè pé, “Ta ló da omi bíìtì síbí?”  Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi ọwọ́ kàn án, tó rí i pé ó gbóná, ló tó ké. Ìyá Mùsílí fò wọlé. Wọ́n rán ọlọ́kadà lọ pe Bàámi lóko, wọ́n sì bẹ onímọ́tò kan tó ń ti Èjìnrìn bọ̀ pẹ̀lú gbágùúdá, ó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìkòròdú. Èmi ni mo di báàgì mú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà tí dókítà jáde wá bá Bàámi. “Láti ìgbà wo lẹ ti ń rí ẹ̀jẹ̀?” Bàámi ní, “A ò rí ẹ̀jẹ̀ kankan, sà. Bíìtì ni. A gbìn ín sílé.” Dókítà tún ọ̀rọ̀ náà pè lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́: “Bíìtì.” Ó ní ibi ọmọ ló ti ṣí kúrò láyè rẹ̀, pé ọmọ ti lọ, pé àwọn ń gbìyànjú lórí ìyá. “Ká ní ẹ gbé e wá ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i ni,” ló wí, kò sì parí rẹ̀. Bàámi wo ọwọ́ ara rẹ̀. Abẹ́ èékánná rẹ̀ ṣì pọ́n láti ìdí ebè.

Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún la gbé Màámi wálé. Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lọ síbẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa wà nínú yàrá. Ìyá Àgbà ń sunkún, ó ń lu itan rẹ̀. “Èmi tí mò ń wò ó láràárọ̀! Ojú mi yìí náà ni!” Bàámi dúró ní ẹnu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. “Ìyá Kúdí, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni?”  Màámi wo ògiri. “Mi ò mọ̀. Mo ń jẹ bíìtì tí ẹ gbìn. Mo rò pé bíìtì ni.” Lẹ́yìn náà ló wá wò mí, ìgbà kan péré. Kì í ṣe ojú ìhàlẹ̀, ì bá sì wù mí kó jẹ́ ojú ìhàlẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni. Mo wo ilẹ̀. Bàámi ní, “Á jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe é.” Ó jáde. A gbọ́ ọkọ́ lẹ́yìn ilé. Ó wú ebè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tewé tìdí, ó kó o fún ewúrẹ́ Ìyá Mùsílí, ó sì tẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ pẹrẹsẹ.

Mo ti yí ọ̀rọ̀ yìí wò títí. Tí mo bá sọ ọ́ ní alẹ́ yẹn, Bàámi á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, ẹ̀bi á sì wọ Màámi lọ́rùn, níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ní ọjọ́ tó tilé ìwòsàn dé láìgbé ọmọ. Tí mi ò sì sọ ọ́, Bàámi ló máa rù ú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mo mú èyí tí kò béèrè pé kí n ya ẹnu. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àánú Màámi ló ṣe mí. Irọ́ ni, tàbí kó jẹ́ ìdajì òótọ́. Ẹ̀rù ìgò yẹn ló ń bà mí. Ká ní mi ò kọ́ Ìyá Àgbà láti máa rí pupa láràárọ̀ kó sì máa pàtẹ́wọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni ì bá ti ké. Bàámi kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Títí tó fi kú, kò gbin nǹkan kan sí ẹ̀yìn ilé yẹn mọ́, tí wọ́n bá sì rán an lọ sí ibi tí bíìtì wà lóko, á ní kí wọ́n fi òun sí ibòmíràn. Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé báyìí. A jọ ń jẹun, a jọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, a máa ń rẹ́rìn-ín. A ò sọ ọ́ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Bàámi wú ebè, mo jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Ẹja tí Màámi ń tò lọ́jọ́ yẹn ṣì wà lórí àwọ̀n. Ìyá Mùsílí ló ń bá wa dáná sí i lábẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tí a ò sí nílé. Mo tò ó sínú àtẹ bí mo ṣe máa ń rí Màámi, orí rẹ̀ síta, ìrù rẹ̀ sínú. Mo ká òṣùká, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé àtẹ náà rù. Aṣọ ilé-ìwé mi wà lórí okùn, ìrì ti sẹ̀ sí i. Mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilé mẹ́ta ni mo kọjá tí ohùn mi kò jáde, mo kàn ń rìn. Nígbà tí mo dé ìkẹrin, mo dúró lójú títì, mo di àtẹ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo sì ya ẹnu. “Ẹ ra ẹja o.” Kò ròkè. Obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, “Ta nìyẹn? Gbé e wá.”